Ọdún Tí Ìlú Ọba Jáde, Tí Èmi Náà Wà Níta

Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú bááfù ọmọ nígbà tí ọkọ mi bi mí lórí fóònù pé, "Oṣù wo gan-an lo kúrò níbí?"

Mo ti gbé fóònù náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe ń wẹ ọmọ. Mo rò pé àárò mi ló ń sọ ọ́. Mo ní, "Ṣé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú yín ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin kan tí àwọn jọ ń fọ bọ́ọ̀sì ní London ní ìyàwó tó lọ sílé lọ sin ìyá rẹ̀. Ìyàwó náà pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ń sọ fún un báyìí pé ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ ti dàrú.

"Wọ́n ní ẹni tó bá jáde ju oṣù mẹ́fà lọ láàárín ọdún kan, tó bá jẹ́ ìwé kékeré ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọdún tó ti kà tẹ́lẹ̀ lè dòfo. Ìwé kékeré ló sì wà lọ́wọ́ tìẹ."

"Mo mọ̀."

"Oṣù kẹta lo lọ."

"Mo mọ̀, Dádì."

"Oṣù kẹwàá la wà yìí o."

Mo gbé ọmọ náà jáde nínú omi pẹ̀lú ọṣẹ lára. Ó ké. Mo dì í mọ́ra, omi ń kán sí mi láṣọ, mi ò sì rántí ohun tó kàn mọ́: kí n da omi sí i lára ni, àbí kí n nù ún. Èmi tí mo ti ń wẹ ọmọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tó bá ń kà á, ó yẹ kí n sọ bí ìwé náà ṣe jẹ́. Ọkọ mi ti gbé Jámánì láti ìgbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi di ọmọ ìlú wọn. Mo lọ bá a níbẹ̀. Ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin, dúró lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti kàwé kó tó gba Houston lọ. Èdè Jámánì kò wọ̀ mí lẹ́nu rí. Nígbà tí ó rẹ̀ mí láti máa fi ọwọ́ júwe nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù bí odi, a kó lọ sí London. Nígbà náà, ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Jámánì lè wọ Ìlú Ọba bí ẹni ń wọ pálọ̀ ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e wọlé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a dé ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dìbò, bóyá kí Ìlú Ọba dúró nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù tàbí kó jáde. Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé èmi tí mo ní ìwé Nàìjíríà ni wọ́n gbà láàyè láti dìbò, torí pé abẹ́ ọbabìnrin wọn ni ìlú wa ti wà rí. Wọn ò gba ọkọ mi láàyè. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń dìbò, ó dúró síta bí ẹni tó mú ọmọ wá síléèwé.

Ó ní, "Páálí mi lo fi wọlé. Ìwọ náà lo wá fẹ́ dìbò lórí páálí mi. Ayé mà le o."

Mo fa ìlà síbi pé kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó sọ fún mi níbi tí a ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé òun dìbò pé kí wọ́n jáde. "Sísí, tí àwọn ará Poland yìí bá kó lọ, àwa tí a jọ ń kọrin ọbabìnrin níléèwé ni wọ́n máa pè. Àwa la kàn." Ó dá a lójú. Nígbà tí wọ́n jáde lóòótọ́, ó ra kéèkì wá sí iṣẹ́. Mo jẹ nínú rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà Yúróòpù wọlé wá tọrọ ìwé mìíràn. Torí pé a kò tíì pé ọdún márùn-ún, kékeré ni wọ́n fún wa. Èmi àti ọkọ mi là ń pè é ní ìwé kékeré àti ìwé ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe bébà. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Kò sí nǹkan tí èèyàn lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kó máa fọwọ́ kàn án tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ọdún márùn-ún wa kù díẹ̀ kó pé nígbà tí ọmọ mi bímọ, tí mo gbé bàálù wá sí Houston láti wá wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni àrùn kòrónà ti pápá ọkọ̀ òfúrufú pa. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ mi, ojú ibi tí wọ́n là sì tún ya lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà sórí tábìlì. Nígbà tó fi máa dìde rìn, tí bàálù fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fò díẹ̀díẹ̀, èmi fúnra mi ò ka oṣù mọ́.

Fulshear ni wọ́n ń gbé, níbi tí ìlú ti parí tí pápá màlúù bẹ̀rẹ̀. Ilé tuntun ni gbogbo ilé ibẹ̀, ó ga, àwọ̀ kan náà, igi tí wọ́n gbìn síwájú wọn kò tíì ga tó ọmọdé. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé òkè, mi ò ní rí ẹsẹ̀ ènìyàn kan nílẹ̀. Ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á wọlé, ilẹ̀kùn á sì padé. Bí aládùúgbò ṣe ń dé láti ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kan mo pọn ọmọ, mo ní kí n rìn yí ká. Obìnrin kan dá ọkọ̀ dúró, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó bi mí bóyá ìyà kankan ń jẹ mí, bóyá kí òun pe ẹnì kan fún mi. Mo ní rárá, afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ó rọra ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé mi títí mo fi dé ilé. Àánú ló ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jáde bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn kòrónà, ó máa ń wọlé bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán. Ọkọ rẹ̀, ẹnjiníà, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àna ni. Wọ́n kọ́ wa pé èèyàn kì í tú ẹrù ìṣòro rẹ̀ níwájú àna. Tí ọmọ rẹ bá wà nílé ọkọ, ìwọ ìyá rẹ̀, o gbọ́dọ̀ dà bí ẹni tó ní ilé tí yóò padà sí. Tí mo bá sọ pé London lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n á máa rò pé mo ti wá láti wá jókòó tì wọ́n. Ọkọ ọmọ mi ti bá mi tọrọ àfikún àsìkò lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, èsì kò tíì dé. Ní òru mo máa ń rò ó pé: tí àwọn tibí bá ní ó tó, tí àwọn tọ̀hún bá ní mi ò lè wọlé mọ́, níbo ni màá gbà? A ò ní ilé ní Ìbàdàn. Ọkọ mi wà nínú yàrá kan ní London, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń sọ fún mi pé ìrẹsì lòun jẹ.

Àwọn àna mi a sì máa wá lọ́jọ́ Sunday. Nítorí àrùn, inú gáréèjì ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi àyè sáàárín àga. Àbúrò bàbá ọkọ ọmọ mi ni àgbà wọn. Dókítà ni, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wá kàwé níbí, Cypress ni ilé wọn wà. Ẹnì kejì jẹ́ ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó wá kàwé gboyè kejì, ó ń gbé apátímẹ́ǹtì ní Greenspoint, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tí bọ́ọ̀lù bá tán, tí òṣèlú Nàìjíríà bá sú wọn, Ìlú Ọba ló kàn.

Ní ọjọ́ Sunday kan báyìí, mo gbé àwo jáde, mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ilé àjọgbé ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń bá ẹ díwọ̀n iyọ̀ tó o máa fi sọ́bẹ̀! Àgbà wo ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀?"

Ará Greenspoint ní, "Daddy, ẹ má bínú o. Kì í ṣe ilé àjọgbé, èésú ni. Wọ́n kúrò nínú èésú, wọ́n tún ní àwọn á máa kó o. How e wan take work?"

"Ìwọ tó ò dé Ìlú Ọba rí."

"Ẹ̀yin náà ò dé ibẹ̀ rí, sà. Ẹ kàn pààrọ̀ bàálù níbẹ̀ ni."

Ọkọ ọmọ mi tó ń yí ẹran lórí iná ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹgbẹ́ àdúgbò yín ní Cypress ńkọ́?"

"Kí ló kan ìyẹn?"

"Ẹ kun ilẹ̀kùn yín láwọ̀ pupa, wọ́n kọ̀wé sí yín. Ẹ gbàgbé ike ìdọ̀tí síta, wọ́n kọ̀wé sí yín. Ẹ jáde nínú ẹgbẹ́ wọn ká rí i, bí Ìlú Ọba."

"Tí mo bá jáde, ilé mi ńkọ́?"

"Ẹ̀hẹ́n!" Ará Greenspoint fò sókè lórí àga. "Daddy don talk am by himself! Ilé mi ńkọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Dókítà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ju ìdérí ìgò sí i. Wọ́n wá yíjú sí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Ìyá ìyàwó wa, ẹ bá wa dá a. Ẹ̀yin lẹ ti ibẹ̀ bọ̀. Ṣé wọ́n ṣe é re bí wọ́n ṣe jáde, àbí wọn ò ṣe é re?"

 Nínú wọn, èmi nìkan ni mo ti mú pẹ́ńsùlù ìdìbò náà dání rí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò mọ nǹkan kan nínú òṣèlú. Ẹran ti fẹ́ jóná o."

"Ẹ ò rí i?" ni Dókítà wí fún wọn. "Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ò bìkítà."

Mo wọlé, mo ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ nínú ilé ìdáná kí n má baà gbọ́ wọn mọ́.

Ọkọ mi ló rí nọ́ńbà àwọn kan tó ń gba irú wa nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Mo dúró de ọjọ́ tí kò sí ẹnì kankan nílé. Ọmọ ti sùn. Mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo pè. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, bí ohùn ọmọdé. Ó bi mí ní ibi tí mo ti wà láti oṣù kẹta.

Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ pé mo lọ wẹ ọmọ. Mo ní, "Bath. Mo wà ní bath pẹ̀lú ọmọ mi."

Inú rẹ̀ dùn. "Oh, Bath! Ìlú tó rẹwà. Ṣé ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ wà níbẹ̀ láti ìgbà náà?"

Mo rò pé ó ń béèrè bóyá ọmọ mi máa ń dúró tì mí níbi omi. Mo ní, "Yes. Àárọ̀ àti alẹ́."

"Tí ẹ bá wà ní Bath, a jẹ́ pé ẹ ò jáde rárá nìyẹn. Kò sí ìṣòro kankan."

Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo jókòó sórí bàtà ọmọ mi. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n, àṣé òfin wọn ní àyè fún ìyá tó lọ wẹ ọmọ. Ó wá ní kí n ka àdírẹ́sì mi ní Bath fún òun.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Mo ti rí orúkọ yẹn rí lára bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ní London. Ìlú ni. Ìlú kan wà ní Ìlú Ọba tó ń jẹ́ Bath.

Obìnrin náà ń dúró. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ nǹkan. Ó ti gbà pé mi ò jáde rí, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí àfi àwọn aṣọ tó wà lókè orí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù irọ́ ń bà mí ju ẹ̀rù òótọ́ lọ.

Mo ní, "Madam, mi ò sí ní Bath. Houston ni mo wà. Texas. Omi ọmọ ni mò ń sọ, omi tí a fi ń wẹ ọmọ."

 Ó rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti mú un mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ó tọrọ àforíjì, ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí ó dákẹ́ pátápátá, ó ní, "Ah." Ó wá bi mí pé, báwo ni èèyàn ṣe ń wẹ ọmọ kan láti oṣù kẹta di oṣù kẹwàá?

Mi ò ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Tí a bá ní ìyá lọ wẹ ọmọ, ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé omi ló kéré jù níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyá á fi omi gbígbóná jó ikùn ọlọ́mọ, á se ọbẹ̀ ata fún un, á lé àlejò tó bá pẹ́ jù lọ, á gbọ́mọ lóru kí ìyá ọmọ lè sùn, á sì máa wò ó bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbi tó yẹ kó wà. Mo sọ ohun tí mo lè sọ. Mo sọ ti iṣẹ́ abẹ méjèèjì. Mo sọ ti bàálù. Ó ní kí n kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ, kí n kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, pé nígbà tí ọdún márùn-ún wa bá pé, kí n fi tọrọ ìwé ńlá, pé wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè má gbà á. Òun ò lè ṣèlérí.

Ẹ̀rí iṣẹ́ abẹ ló jẹ́ kí n ní láti sọ fún ọmọ mi. Ó wò mí, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

"Ẹ̀ ń gbé e kiri nínú ilé yìí, ẹ ò sọ fún mi? Ṣé nítorí èmi ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí Dádì mọ́?"

Mo ní kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe ní London gan-an, kí n dúró ti òun, kí Dádì wá bá wa. Mo ní pẹ̀lú páálí wo? Ó sunkún. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀.

Nínú òtútù tó wọ Texas lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí iná lọ, tí omi dì nínú páìpù, Dókítà wa ọkọ̀ láti Cypress gbé jẹnẹrétọ̀ wá fún wa. Mo ti fi ìwé mi ránṣẹ́ nígbà náà. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, mò ń fi iná ọkọ̀ chájì fóònù, torí ẹ̀rù ń bà mí pé èsì á dé, fóònù mi á ti kú. Wọ́n kan gíláàsì. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá wa, èrò mi kò yí o. Mo ṣì gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ẹni wa wà lẹ́nu ọ̀nà." Wọ́n dúró díẹ̀ nínú òtútù náà, ọwọ́ wọn wà nínú àpò. "Ẹ má bínú."

Mo ní kò tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti gbé àwo jáde sí gáréèjì lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á dákẹ́. Ará Greenspoint á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti bọ́ọ̀lù, àní bí kò bá sí bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń ṣe mí lóore ni. Ṣùgbọ́n ó wá dà bí ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ tí wọn ò jẹ́ kí aláìsàn mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń pariwo, ó kéré tán, mo máa ń bá wọn jà lọ́kàn mi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà dá wa lóhùn, wọ́n fún mi ní àsìkò díẹ̀ sí i. Àwọn ará Ìlú Ọba kò dá mi lóhùn. Ìrúwé yọ lórí àwọn igi kékeré wọ̀nyẹn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń di nǹkan mú kiri pálọ̀. Ọkọ mi gba ìwé ńlá tirẹ̀. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi, bí ẹni pé ó jẹun kí n tó dé.

Ọjọ́ tí tèmi dé, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Fóònù dún. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, mo ṣí i, mo kà á, kò yé mi, mo tún kà á sókè pẹ̀lú ohùn mi nínú ilé tó ṣófo náà. Wọ́n ti gbà á. Ìwé ńlá. Mo lè wọlé nígbà tó bá wù mí, mo sì lè pẹ́ níta fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó máa bi mí. Mo wojú fèrèsé. Òjò ń rọ̀ sórí pápá màlúù lọ́nà ọ̀hún, oòrùn sì ń ràn níwájú ilé wa. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú títì tí mo lè sọ fún.

Ọ̀sán ni ní Houston, ìrọ̀lẹ́ ni ní London. Mo pe ọkọ mi. Ó gbé e, ó ní kí n dúró kí òun pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, "Wọ́n ti fún mi."

"Ńlá?"

"Ńlá."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.  Ó wá ní, "Ọlọ́run ṣeun. A jẹ́ pé o ò sáré mọ́ nìyẹn. O lè dúró ti ọmọ títí á fi lọ síléèwé."

Mi ò mọ bóyá ó ń fún mi láyè ni, tàbí ó ń dán mi wò, tàbí ó ti mọ́ ọn lára láti máa dá gbé. Láti oṣù kẹwàá yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù pé wọn ò ní jẹ́ kí n padà. N kò rò ó rí pé wọ́n á jẹ́ kí n padà, tí kò sì ní sí ẹni tó ń lé mi pé kí n tètè máa bọ̀.

Mo ní, "Mò ń bọ̀, Dádì. Tí ọmọ bá wọ ilé ìtọ́jú ọmọdé lóṣù tó ń bọ̀, mò ń bọ̀."



"Ó dáa," ló wí. "Mo ti kó ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó o máa ń sùn. Àwọn aṣọ iṣẹ́ mi àti àwọn nǹkan báyìí. Jẹ́ kí n kó o kúrò."

"Ẹ ò ní kó o nísinsìnyí."

"Nísinsìnyí ni mo fẹ́ kó o."

Ó gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ tí ọ̀rá ń dún, tí nǹkan kan bọ́ lulẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀. Mo di fóònù náà mọ́ etí, mi ò fọhùn, kó má baà rò pé mò ń kán an lójú.